Olómi Tó Ní Omi Ti Pọ̀ Jù

Ọjọ́ tí omi ẹ̀rọ kọ́kọ́ yọ ní àdúgbò, tọmọdé tàgbà ló jó. Wọ́n ṣí ẹ̀rọ náà sílẹ̀ gbayau, àwọn ọmọ ń bẹ́ sínú omi, àwọn ìyá wọn kò sì bá wọn wí. Ìyá Ọmọlanke náà jó. Ó jó débi pé gèlè rẹ̀ tú. Nígbà tó jó tán, ó nu ojú, ó padà sílé, ó jókòó sórí ọmọlanke rẹ̀ tó gbé ti ògiri, ó wá ń wo ọ̀ọ́kán bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀ níbi tí kò mọ̀ rí.

Ọkọ rẹ̀, tó ń rán bàtà lábẹ́ páànù tó wà níwájú ilé, gbójú sókè.

"Ìyá àwọn ọmọ, ṣé ijó ló rẹ̀ ọ́ ni?"

"Iṣẹ́ mi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jó sin yẹn," ló fi dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà. Ọdún mọ́kàndínlógún gbáko ló fi ti ọmọlanke omi kiri àdúgbò náà, ibẹ̀ ló sì ti gba orúkọ tí wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ kíkan òrùlé ni ọkọ rẹ̀ ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọdún keje tí wọ́n fẹ́ra ló já bọ́ láti orí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ tẹ̀, kò sì tọ́ mọ́ láéláé. Ọmọ mẹ́ta ló wà nílẹ̀, èyí tó kéré jù ṣì ń mu ọmú. Kí ọkọ tó wá kọ́ iṣẹ́ bàtà, kí ọwọ́ rẹ̀ tó mọ́ ọn, ìyàwó lọ yá ọmọlanke bàbá arúgbó kan, ó to kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá sí i, ó dorí kọ ìdí kànga. Àwọn èèyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Wọ́n ní apá rẹ̀ á le bíi tọkùnrin, wọ́n ní ọkọ rẹ̀ á wá máa bẹ̀rù rẹ̀. Ọkọ gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti ń bẹ̀rù rẹ̀ tipẹ́, pé ọmọlanke kò fi nǹkan kan kún un.

Ó mọ ilé tí wọ́n ti ń fi omi ṣòfò, ó mọ ilé tí èèyàn mẹ́rin ti ń fi ife omi kan bọ́jú. Kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ kì í lábùkù, ṣe ló máa ń kún dé ẹnu. Bí obìnrin kan bá wà nínú oyún, Ìyá Ọmọlanke kì í já omi sílẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà, á gbé e wọlé, á dà á sínú ìkòkò, á tún béèrè bóyá ó ti jẹun. Omi ni gbogbo ohun tó mọ̀. Nígbà tí omi wá ń yọ fúnra rẹ̀ lára ògiri oníkálukú, ta ló tún kù tí yóò pè é?

Ó lé ní oṣù mẹ́rin tó fi wà nílé. Ó gbìyànjú kó máa ran ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọkọ ní ó ń fa òwú bàtà bí ẹni ń fa omi nínú kànga, gbogbo rẹ̀ ló ń já. Ìjà ti fẹ́ máa rúgbó bọ̀ láàárín wọn nígbà tí oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ kan, obìnrin agbálẹ̀ ní iléeṣẹ́ tó ń bójú tó igbó, yà kí wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ń wá ẹni tí á máa bomi rin ní nọ́sìrì wa o."

"Nọ́sìrì ọmọ wẹ́wẹ́? Ṣé wọ́n fẹ́ kí n máa wẹ̀ fún wọn ni?"

"Rárá o! Ọmọ igi ni. Inú ọ̀rá ni a ti ń tọ́ wọn."

Ọkọ gba ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. "Ọmọ igi kì í sunkún, kì í lu ọmọ ẹlòmíì, kì í sì béèrè búrẹ́dì. Dìde, lọ gba iṣẹ́ náà kíákíá kó tó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì."

Bó ṣe dé ibẹ̀ nìyẹn. Ọgbà náà kò tóbi. Ọ́fíìsì oníyàrá méjì kan ló wà níwájú, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí. Lẹ́yìn ọ́fíìsì, wọ́n ta nẹ́ẹ̀tì dúdú sórí òpó, ọ̀rá dúdú kéékèèké tí wọ́n rọ iyẹ̀pẹ̀ sí sì tò lábẹ́ rẹ̀ ní ìlà méjìlá, àádọ́ta nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Àgbá omi gbàǹgbà kan dúró ní igun. Ọkùnrin tó ń darí ibẹ̀ kò tíì pé ogójì ọdún. Ó wọ awò ojú, ó ki ẹ̀wù bọ ṣòkòtò dáadáa, bíírò méjì wà lápò àyà rẹ̀. Ọ̀gá ni gbogbo wọn ń pè é.

"Màmá, ṣé ẹ lè gbé omi ṣá?" ló bi í.

Ìyá Ọmọlanke tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú rẹ̀. Ọ̀gá wò ó, ó rí bí ó ti le koko. Kò béèrè ìbéèrè kejì.

Igi oṣè ni gbogbo ọmọ igi ẹgbẹ̀ta tó wà nínú ọ̀rá wọ̀nyẹn. Ìwọ̀nba ẹni tó bá ti rin ìrìn àjò dé ilẹ̀ gbígbẹ ló mọ igi náà dáadáa: ìdí rẹ̀ sanra bí ẹni tó gbé ilé mì, èèyàn mẹ́wàá lè di ọwọ́ mú kí wọ́n má lè yí i po, ẹ̀ka rẹ̀ sì rí wúruwùru lókè bí irun ẹni tí kò tíì yarun. Ọ̀gá ṣàlàyé fún un pé òkè kan wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí àwọn afọ́kúta ti fọ́ òkúta fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó kó irinṣẹ́ wọn lọ. Oṣè ló kún ibẹ̀ nígbà kan. Wọ́n ti gé gbogbo rẹ̀ tán, ìjọba sì fẹ́ kí wọ́n gbìn ín padà.

Ìwé kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ó ti olú iléeṣẹ́ wá. Ìyá Ọmọlanke kò kàwé púpọ̀, nítorí náà Ọ̀gá kà á fún un: omi láàárọ̀, omi nírọ̀lẹ́, agolo kan fún igi kan. Ó rọrùn. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, ọwọ́ rẹ̀ kò sì lè ṣe kó má bu agolo kún dé ẹnu, bó ṣe máa ń ṣe fún àwọn oníbàárà rẹ̀.

Òjò ń rọ̀ nígbà náà. Àwọn ọmọ igi náà tutù yọ̀yọ̀, ewé wọn gùn pẹlẹbẹ, ó ń dán. Ohun kan ló ń kọ ọ́ lóminú.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Ẹni tó ta kóró yìí fún yín, ṣé kì í ṣe mángòrò ló pè ní oṣè? Mo rí oṣè nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ewé rẹ̀ la ìka bí ọwọ́ èèyàn. Èyí ò ní ìka rárá."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. "Oṣè ni, Màmá. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn nígbà tó bá kéré. Tó bá dàgbà díẹ̀ ni ewé rẹ̀ á tó máa la ìka. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò mọ̀, tí wọ́n á rí i lóko, tí wọ́n á tu ú dànù bí koríko."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ bó bá ń bomi rin wọn. "Ẹ yára dàgbà," á ní, "kí ẹ lè ní ìka tí ẹ máa fi jẹun."

Àmọ́ ẹ̀ẹ̀rùn dé. Òjò dá, ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ètè gbogbo èèyàn là. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ewé àwọn ọmọ igi náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àyà Ọ̀gá já. Ó kọ̀wé sí olú iléeṣẹ́, èsì sì dé wéréwéré pé omi ni kò tó, kí wọ́n fi ti ọ̀sán kún un. Ìyá Ọmọlanke kò jiyàn. Ó fi ti ọ̀sán kún un. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń ro ó, ó sì ń bomi rin.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ni pé á dé láàárọ̀, á rí i pé ọmọ igi kan ti dojú bolẹ̀ nínú ọ̀rá rẹ̀. Tó bá gbá a mú, ọrùn rẹ̀ á rọ̀ múyẹ́múyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á sì máa rùn bí ẹ̀fọ́ tó ti jẹrà. Lónìí mẹ́ta, lọ́la méje. Ó ń kó wọn sínú garawa, ó ń lọ dà wọ́n sẹ́yìn ọgbà, kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun. Kí oṣù kejì ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, igba ó lé ọgbọ̀n ti lọ.

Ọjọ́ kan, ó bá obìnrin agbálẹ̀ sọ ọ́. "Ọwọ́ mi ti bàjẹ́. N ò pa nǹkan kan rí pẹ̀lú omi láti ọjọ́ tí mo ti ń gbé e."

Obìnrin náà sún mọ́ ọn. "Ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Bó ṣe rí lọ́dún tó kọjá nìyẹn. Ẹni tó wà níbí ṣáájú yín ò dúró de ìgbà tí wọ́n máa lé e, fúnra rẹ̀ ló lọ." Ó fi kún un pé òun gbọ́ tí Ọ̀gá ń sọ lórí fóònù pé, bó bá tún kùnà lọ́dún yìí, wọ́n á pa ọ̀rọ̀ oṣè tì, wọ́n á gbin igi mìíràn tí wọ́n kó láti òkè òkun.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni Ọ̀gá ní kí wọ́n lọ ká èso oṣè tuntun wá, bóyá kóró ti àkọ́kọ́ ni kò dára. Awakọ̀ iléeṣẹ́ náà ló máa wa ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì nílò ẹni tí á máa bá a ṣa èso. Ìyá Ọmọlanke ní òun á lọ. Kò fẹ́ dúró ti ọgbà náà lọ́jọ́ yẹn.

Wọ́n rìn fún wákàtí mẹ́ta, ọ̀nà ń burú sí i, ilẹ̀ ń gbẹ sí i. Nígbà tí wọ́n dé, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì wo ọ̀tún wo òsì. Pápá òkúta ni. Kò sí odò, kò sí kànga, kò sí koríko tútù kankan tí ojú tó. Àárín òkúta wọ̀nyẹn ni àwọn igi oṣè dúró sí, ogún, ọgbọ̀n, bóyá ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi ju ilé tó ń gbé lọ. Kò sí ewé kan ṣoṣo lórí èyíkéyìí nínú wọn.

Obìnrin àgbàlagbà kan jókòó nídìí ọ̀kan, ewúrẹ́ bíi mẹ́wàá yí i ká. Ìyá Ọmọlanke lọ kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ kú ìjókòó o, ìyá."

"Káàbọ̀ o. Èso lẹ wá ká?"

"Èso ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń bomi rin àwọn igi yìí?"

Ìyá Eléwúrẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "Ta ni? Èmi tí mò ń wá èyí tí màá mu? Ọmọ mi, òjò tó rọ̀ kẹ́yìn níbí, oṣù kẹta rèé."

"Ó tán! Gbogbo wọn ti kú nìyẹn?"

"Ta ló kú? Wọ́n ń sùn ni."

Ó fi èékánná ha ara igi tó fẹ̀yìn tì, èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣí kúrò, abẹ́ rẹ̀ sì tutù, ó ní àwọ̀ ewé. "Ṣé o rí i? Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, ó máa ju ewé rẹ̀ nù, torí ewé ló máa ń mu omi rẹ̀ gbẹ. Á wá sùn. Kò jẹ, kò mu, títí òjò á fi jí i. Tí èèyàn bá ń sùn, tí o wá ń da omi sí i lẹ́nu, kí ló máa ṣe é?"

Ìyá Ọmọlanke wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti gún un láyà.

Ìyá Eléwúrẹ́ mú un lọ síbi tí ó fi ẹ̀gún ṣọgbà roboto kan láàárín òkúta. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà nínú rẹ̀, kò ga ju orúnkún lọ, kò ní ewé, ó dà bí igi ìdáná tí ẹnì kan já sílẹ̀. "Èmi ni mo ṣọgbà yí i ká nítorí àwọn òṣìkà wọ̀nyí," ó fi ojú tọ́ka sí àwọn ewúrẹ́ rẹ̀. "Ọdún kẹta rẹ̀ rèé. Gbẹ́ ìdí rẹ̀ díẹ̀, rọra o."

Ó fi ìka gbẹ́ ẹ. Iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́, irú èyí tí omi kì í dúró lójú rẹ̀. Lábẹ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, gbòǹgbò kan wà tó sanra bí ẹ̀gẹ́ kékeré. Ó tẹ̀ ẹ́, ó le, ó tutù. Igi náà ti gbé omi tirẹ̀ pamọ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Ó kó iyẹ̀pẹ̀ padà bò ó bí ẹni ń fi aṣọ bo ọmọ.

Nínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń bọ̀, awakọ̀ bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá gbágungbàgun ọ̀nà ló ń ṣe é. Ó ní rárá. Ọ̀rá ẹgbẹ̀ta ló ń rò.

Lọ́jọ́ kejì tí í ṣe ọjọ́ ìsinmi, ó fa àpótí sún mọ́ ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń kan gìgísẹ̀ bàtà, ó ro ẹjọ́ náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọkọ gbé òòlù sílẹ̀.

"Jẹ́ kó yé mi. Wọ́n gbà ọ́ pé kí o máa bomi rin igi."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìwọ wá fẹ́ lọ sọ fún wọn pé omi ló ń pa igi."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Tí wọ́n bá gbà ọ́ gbọ́, kí ni wọ́n ṣì fẹ́ fi ọ́ ṣe?"

"Ohun tí mò ń bi ọ́ gan-an nìyẹn, Bàbá àwọn ọmọ."

Ọkùnrin náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tẹ̀. "Tó o bá dákẹ́, wàá máa lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́ lọ máa ṣa òkú. Mo mọ̀ ọ́. Inú á máa bí ọ, orí èmi ni wàá sì wá sọ̀ ọ́ sí nílé. Torí náà, fún àlàáfíà tèmi, lọ sọ ọ́." Ó mú òòlù rẹ̀. "A ti wà láìsí iṣẹ́ rí. A ò kú."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó dúró níwájú tábìlì Ọ̀gá, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá fetí sílẹ̀, ó ń fi bíírò lu tábìlì.

"Màmá, ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè jù nù. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ ìwé ara ògiri yẹn kàwé jù mí lọ. Tí mo bá dá omi dúró, tí gbogbo rẹ̀ wá kú, kí ni màá sọ?"

"Ọ̀gá, wọ́n sáà ń kú nìṣó. Ẹ fún mi ní ìlà kan péré. Ìlà ìkẹyìn tó wà lẹ́bàá ògiri. Mẹ́rìndínláàádọ́ta ló kù níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi wọ́n sílẹ̀."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "Ìlà kan. Ẹ má sọ ọ́ létí ẹnikẹ́ni o."

Ẹ wá wo ìyà tó jẹ obìnrin náà. Ẹni tí kò fi kẹ́ẹ̀gì ẹnikẹ́ni sílẹ̀ láìkún rí, ló wá ń gbé ike omi kọjá lára ìlà kan tí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ti gbẹ tó sì ń là. Ọwọ́ rẹ̀ ń yún un. Ìgbà míì á ti dúró, á ti tẹ ike náà, á tún ká ọwọ́ kò. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ewé ìlà ìkẹyìn ti já tán pátápátá. Obìnrin agbálẹ̀ gbójú wò ó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ìgbálẹ̀ lẹ ń sìn níbí ni? Ẹ jẹ́ kí n mú méjì."

Inú rẹ̀ kò dùn sí àwàdà náà. Àmọ́ ó kíyè sí i pé kò sí ìkankan nínú ìlà náà tó dojú bolẹ̀. Ó ń fi èékánná ha wọ́n wò lábẹ́ èèpo lójoojúmọ́, bó ṣe rí i tí Ìyá Eléwúrẹ́ ṣe, títí Ọ̀gá fi ní kó yéé dá wọn lápàá.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, Ọ̀gá fúnra rẹ̀ wá síbẹ̀. Ó mú ọ̀bẹ dání. Ó gbé ọ̀rá kan láti ìlà kẹta tí wọ́n ń bomi rin, ó la ọ̀rá náà. Iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dúdú, ó ń ro tótó, gbòǹgbò tó wà nínú rẹ̀ sì já mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù. Ó gbé òmíràn láti ìlà ìkẹyìn, ó là á. Gbòǹgbò funfun kan ló yọ, ó sanra ju àtàǹpàkò lọ, ó le gbandi.

Ó jókòó sórí ilẹ̀ nínú ṣòkòtò rẹ̀ tó lọ̀ gẹ́rẹ́gẹ́.

"Ọdún méjì," ló ń sọ. "Ọdún méjì ni mo ti ń rì wọ́n sínú omi."

"A jọ rì wọ́n ni, Ọ̀gá. Èmi ni mo gbé omi."

Ọkùnrin náà dìde, ó wọ ọ́fíìsì lọ, ó ya ìwé ara ògiri kúrò. Ó jókòó ti tábìlì, ó kọ lẹ́tà gígùn kan sí olú iléeṣẹ́ pé òun ti dá omi dúró, pé bó bá bàjẹ́, òun ni kí wọ́n mú. Kí ó tó pa ìwé náà dé, ó pe Ìyá Ọmọlanke.

"Màmá, bí kò bá sí omi mọ́, kí ni kí n kọ pé ẹ̀ ń ṣe níbí?"

"Ẹ kọ ọ́ pé mò ń ṣọ́ wọn."

Bó ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Oṣù kan ààbọ̀ tó tẹ̀lé e gùn ju ọdún kan lọ. Gbogbo ọgbà ló dà bí ibi tí wọ́n to igi ìdáná sí. Èsì lẹ́tà dé, ó gbóná, ó ní ẹni kan ń bọ̀ wá wò ó lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́. Nǹkan sì tún ṣẹlẹ̀: márùn-ún nínú ìlà ìkẹyìn gbẹ pátápátá, wọ́n ń ṣẹ́ bí ẹ̀ka gbígbẹ. Ìyá Ọmọlanke jókòó tì wọ́n, ó wò wọ́n dáadáa. Ọ̀rá wọn ló kéré jù, iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ kò tó kí gbòǹgbò rí ibi fara pamọ́ sí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tó kù ní omi ẹ̀kún ọwọ́ kan péré, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́ta. Ó sọ fún Ọ̀gá, Ọ̀gá sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Òjò dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ooru mú débi tí èèyàn ò lè mí. Ó rọ̀ gan-an, ó fa nẹ́ẹ̀tì ya lápá kan. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn rẹ̀, Ìyá Ọmọlanke dé láàárọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wo ìlà ìkẹyìn, ó rí ohun kan tó tóbi bí orí abẹ́rẹ́ lórí igi kan, ó ní àwọ̀ ewé. Ó rí òmíràn. Ó rí òmíràn. Ó pariwo débi pé awakọ̀ sáré jáde, ó rò pé ejò ni.

Ogójì ló jí nínú ìlà náà. Nínú gbogbo ìlà yòókù, lára àwọn tí gbòǹgbò wọn kò tíì jẹrà kí wọ́n tó dá omi dúró, àádọ́rùn-ún jí. Kì í ṣe ẹgbẹ̀ta, àmọ́ lọ́dún tó ṣáájú, ẹyọ mọ́kànlá ló kù. Obìnrin tó ti olú iléeṣẹ́ wá wò wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀, ó béèrè lọ́wọ́ Ọ̀gá pé ibo ni wọ́n ti kọ́ èyí. Ọ̀gá ní kó bi Màmá. Ìyá Ọmọlanke ní kó lọ bi ìyá kan tó ń da ewúrẹ́. Wọ́n sì lọ bi í lóòótọ́, nínú ọkọ̀ olú iléeṣẹ́, pẹ̀lú ìwé àti bíírò.

Wọ́n gbin àwọn igi náà sórí òkè àwọn afọ́kúta nínú òjò ọdún yẹn, wọ́n sì fi ẹ̀gún ṣọgbà yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká. Ọdún tó tẹ̀lé e, ọ̀rá tó jìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni wọ́n lò, pẹ̀lú yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́, igi tó lé ní irinwó sì la ẹ̀ẹ̀rùn kọjá. Iṣẹ́ kò bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Ọmọlanke. Nígbà òjò, ó ń bomi rin, ìwọ̀nba ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á bá ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí pápá òkúta, òun àti Ìyá Eléwúrẹ́ á máa wá àwọn ọmọ oṣè tó hù fúnra wọn láàárín òkúta, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé oṣè ni, wọ́n á fi ọ̀dà pupa kun òkúta tó wà létí wọn kí àwọn aṣẹ́gi má baà gé wọn. Nígbà tó yá, àwọn ọgbà mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í rán òṣìṣẹ́ wọn wá bá a. Ohun tó kọ́kọ́ máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n gbé ike omi sílẹ̀, kí wọ́n jókòó.

Ní ọdún kẹrin, ó mú ọkọ rẹ̀ lọ wo òkè náà. Awakọ̀ gbé e sókè sínú ọkọ̀, ó tún gbé e sọ̀ kalẹ̀, ọkọ sì ń kùn pé òun kì í ṣe ẹrù. Wọ́n bá Ìyá Eléwúrẹ́ níbẹ̀, ó ti wọ ọkọ̀ wá láti pápá òkúta ṣáájú wọn. Ọkọ fi ọ̀pá rẹ̀ tẹ̀ lọ dé ìdí igi kan tó ga dé ìbàdí rẹ̀. Ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀.

"Ṣé ohun tí o torí rẹ̀ ń fi mí sílẹ̀ lójoojúmọ́ nìyí? Tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí?"

"Òun nìyẹn."

"Ìgbà wo ni èèyàn máa wá lè jókòó sábẹ́ rẹ̀?"

"Ọmọ ọmọ wa lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú ẹ̀."

Ọkùnrin náà ronú sí i, ó wá rọra jókòó sórí òkúta, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tẹ̀ títí ó fi bọ́ sínú òjìji igi náà. Ibi tí òjìji náà bò kò ju ẹsẹ̀ yẹn nìkan lọ.

"Ó tutù díẹ̀," ló wí.

Ìyá Eléwúrẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Bàtà rẹ̀ ti já létí, ó sì fi okùn so ó. Ọkọ Ìyá Ọmọlanke rí i, ó ní kó bọ́ ọ wá, ó yọ abẹ́rẹ́ àti òwú lápò rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán an níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ fi wọ́n sílẹ̀ sí àríyànjiyàn wọn lórí bí awọ ewúrẹ́ ṣe lágbára tó. Ó gun òkè lọ, láti ọgbà ẹ̀gún kan sí òmíràn, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan ewé, ó ń ka àwọn tó wà láàyè.